Ẹ Bi Wá Kí Àdéhùn Tó Di Òfin: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Aṣòfin Tó Ń Ṣojú Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ̀yin mẹ́rin ni mo kọ̀wé yìí sí: ẹni tó ń ṣojú Ìlà-Oòrùn Ògùn ní Ilé Aṣòfin Àgbà, àti ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ wà ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, ẹni tó ń ṣojú Ìjẹ̀bú-Òde, Òdógbolú àti Ìjẹ̀bú North-East, ẹni tó ń ṣojú Ìjẹ̀bú North, Ìjẹ̀bú East àti Ogun Waterside, àti ẹni tó ń ṣojú Ìkẹ́nnẹ́, Ṣágámù àti Remo North. Mo kọ ọ́ sí gbangba kí àwọn tó dìbò fún yín lè kà á pẹ̀lú yín.

Oníṣòwò obì ni mí ní Ṣágámù. Gbànja tó ń ti oko Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú wá ni mo ń rà, àwọn Hausa ló sì ń rà á lọ́wọ́ mi lọ sí òkè Ọya. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín. Àwọn àdéhùn tí ìjọba àpapọ̀ ń bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe, tó ń sọ ẹni tó lè wọlé tọ̀ wá, ibi tí ọmọ wa lè lọ, àti bodè tí ọjà wa lè gbà kọjá, ẹ wá bi wá kí wọ́n tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí wa. Ẹ̀yin ni òfin gbé àṣẹ yẹn lé lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá lò ó, àwọn ará ìlú yóò máa wá a kiri níbi tí kò sí, wọn yóò sì máa fi ìbínú wọn lé ọmọ Tógò tó ń tẹ́ táìsì jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí à ń gbọ́ nígboro, torí ó lè má dún létí yín ní Àbújá bó ṣe ń dún níbí. Láàárọ̀, níbi tí àwọn bíríkìlà àti lébìrà máa ń dúró sí kí ẹni tó ní iṣẹ́ tó wá mú wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Àwọn ará Kútọnu ti gba iṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́." Ẹni tó ń kọ́lé tuntun lóde òní, ọmọ Tógò tàbí ọmọ Benin ló fẹ́ kó tẹ́ táìsì fún òun, kó sì ṣe píọ́pì sí àjà. Wọ́n ní ọwọ́ wọn mọ́, wọ́n ní wọn kì í gba owó tán kí wọ́n wá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ. Ní oko náà, láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Àgọ́-Ìwòyè, ẹ bi àwọn tó ní ilẹ̀ léèrè ẹni tó ń bá wọn kọ ebè, tó ń bá wọn ro oko, tó ń bá wọn fa ẹ̀gẹ́. Ẹni tó ni oko ń dúpẹ́. Ọmọ ẹni tó ni oko ń bínú. Àwọn méjèèjì ló sì lẹ́jọ́.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìkórìíra lásán ló wà nínú ìbínú yìí. Ọmọkùnrin tó fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, tó ra irinṣẹ́, tó wá ń dúró títí oòrùn fi ń kan àtàrí láìrí ẹni pè é, ebi ló ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n tún wá ń sọ fún un pé àdéhùn kan wà tó ní kí àwọn ará ìta máa wọlé láìgba fisà. Ta ló ṣe àdéhùn náà? Nígbà wo? Kí ló wà nínú rẹ̀? Kò rí ẹni dá a lóhùn. Níbi tí èsì kò bá sí, àbá ni kálukú ń dá. Ọ̀kan á ní àwọn alágbára ti ta Nàìjíríà. Òmíràn á ní ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ló ń ṣèjọba lé wa lórí báyìí, pé bodè kò sí mọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà tó yẹ kó mọ̀.

Ohun tó mú mi wá ìwé náà nìyẹn, tí mo sì ní kí wọ́n kà á fún mi, kí wọ́n máa túmọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kà á. Kò gùn. Èkó ni wọ́n ti buwọ́ lu ìwé ìdásílẹ̀ ECOWAS, ní ọjọ́ 28 oṣù Èbìbí, ọdún 1975. Ọdún kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí, 1979, wọ́n buwọ́ lu àdéhùn lílọ-bíbọ̀ fàlàlà ní Dakar. Ohun tó sọ ni pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn láìgba fisà, kó sì lo 90 ọjọ́, bó bá ní ìwé ìrìnnà tó pé àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bó bá fẹ́ lò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ibi tó wà. Àwọn àfikún tó dé ní 1986 àti 1990 ló wá mú ọ̀rọ̀ gbígbé àti iṣẹ́ ṣíṣe wọlé, àti ti dídá ilé iṣẹ́ tàbí òwò sílẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí n kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Abala kẹrin ìwé ti 1979 yẹn sọ pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ láti má ṣe gba ẹni tí òfin tirẹ̀ kò bá fàyè gbà wọlé. Ìyẹn ni pé kọ́kọ́rọ́ ilé wa kò tíì kúrò lọ́wọ́ wa. Abala kọkànlá sì sọ bí a ṣe ń lé èèyàn lọ bó bá di dandan: kí a sọ fún ẹni náà, kí a sọ fún ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀, kí a sọ fún ọ́fíìsì ECOWAS, kí a dáàbò bo òun àti ẹbí rẹ̀ àti dúkìá rẹ̀, kí ìjọba tó ń lé e sì san owó ọkọ̀. Bí àwọn ọmọ wa tó ń dúró láàárọ̀ yẹn bá mọ̀ pé ẹni tó ti lo oṣù mẹ́fà níbí gbọ́dọ̀ ní ìwé ìgbélùú lọ́wọ́, wọn ì bá mọ ohun tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ ìjọba. Wọn ì bá yé gbà pé gbogbo ẹni tó ń fọ èdè Ègùn ló fi èrú wọlé. (Bẹ́ẹ̀ sì ni Ègùn pọ̀ ní Badagry àti Ìpókíá tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà láti ìran baba wọn.)

Ní oṣù Agẹmọ 2019, ìjọba àpapọ̀ ṣí ìforúkọsílẹ̀ ọ̀fẹ́ fún àwọn àlejò tó ti lo ju 90 ọjọ́ lọ, wọ́n sì fún wọn ní oṣù mẹ́fà. Ohun tó dára ni. Àmọ́ ní àyíká ibi tí mo ti ń tajà, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kéde rẹ̀ ní Yorùbá, tàbí ní Hausa, tàbí ní Ègùn. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò sì wá sọ ọ́ fún wa.

Bó bá jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ààlà, ẹ mọ̀ pé àwa kọ́ ni ìran tí wọ́n ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn tó gbẹ́ Erédò Sùngbọ́, yàrà àti odi tó gùn tó 160 kìlómítà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó ga tó 20 mítà níbòmíràn, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwọn èèyàn ìgbà náà tilẹ̀ máa ń sọ pé Ìjẹ̀bú-Òde, àjèjì kò wọ̀ ọ́, bí àjèjì bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, wọn a fi ṣẹbọ lálẹ́. Ọ̀rọ̀ tí aládùúgbò fi ń bú wa ni, ṣùgbọ́n àwọn baba wa náà kò sá fún un. Ìjẹ̀bú ló dúró láàárín ọ̀sà àti òkè, ọjà tó ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn àti èyí tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá sí Èkó, ọwọ́ wọn ló ń gbà kọjá, wọ́n sì ń gba owó bodè lórí rẹ̀. Òyìnbó Èkó kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ rántí bó ṣe parí. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1892, àwọn ìránṣẹ́ Awùjalẹ̀ wà ní Èkó níwájú Gómìnà Carter. Àdéhùn tí wọ́n gbé ka iwájú wọn ni pé kí ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn àti ọjà, kí owó bodè kásẹ̀ nílẹ̀, kí ìjọba Èkó sì máa san £500 lọ́dọọdún dípò rẹ̀. Àdéhùn yẹn padà dé ilé bá àwọn tí kò fọwọ́ sí i. Nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ tó bá kan gbogbo ìlú, Òṣùgbó, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà, ní láti jókòó lé e, Ìlámùrẹn, ìgbìmọ̀ àwọn olóyè ńlá, ní láti jókòó lé e, Pàmpá, ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú, ní láti gbọ́, àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń jagun ní láti mọ̀. Oṣù mélòó kan péré lẹ́yìn náà, Carter ní Ìjẹ̀bú ti yẹ àdéhùn. Ní oṣù Èbìbí, àwọn ọmọ ogun Òyìnbó gbà láti Ẹpẹ wọlé pẹ̀lú ìbọn Maxim, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kó láti Gold Coast, tó ń jẹ́ Ghana lónìí, sì wà lára wọn. Ìmàgbọ̀n ni wọ́n ti pàdé, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sì bọ́. Ọdún kejì lẹ́yìn rẹ̀, ní 1894, Akarígbò náà buwọ́ lu ìwé tó fi Rẹ́mọ sábẹ́ ààbò Òyìnbó.

Mo mọ̀ pé Òyìnbó ti fẹ́ gba ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n wá ìdí mìíràn bí èyí kò bá sí. Síbẹ̀, ìdí tí wọ́n rí mú nìyẹn: àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ìta, tí ilé kò bá wọn dé ìdí rẹ̀. N kò sì sọ pé kí a padà sí ayé tí à ń sé ọ̀nà mọ́ èèyàn. Bí Ìjẹ̀bú bá tilẹ̀kùn lónìí, àwa olóbì ni ebi yóò kọ́kọ́ pa. Igi gbànja fúnra rẹ̀, láti Gold Coast ni wọ́n ti gbé e wá gbìn síhìn-ín.

Obì yìí gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àdéhùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn olórí nìkan. Ní ọjọ́ 26 oṣù Agẹmọ, 2023, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba ní Niger. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, àwọn olórí ECOWAS pàdé ní Àbújá, Ààrẹ wa ló jẹ́ alága wọn nígbà náà, wọ́n sì ní kí gbogbo bodè tó já sí Niger di títì. Gbànja tó ń ti Ṣágámù lọ sí Kano, kì í ṣe Kano nìkan ló ń jẹ ẹ́. Ó ń kọjá lọ sí Maradi, ó ń lọ sí Zinder. Nígbà tí bodè tì, àwọn oníbàárà wa ní Kano kò lè gba ọjà tó bí wọ́n ṣe máa ń gbà á. Ọjà dúró sí wa lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá tọ́jú obì rí kò ní mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Obì ń fẹ́ ọ̀rinrin ní ìwọ̀n, ó ń fẹ́ ewé tútù nínú apẹ̀rẹ̀, ó ń fẹ́ ọwọ́ tí yóò máa ṣà á kúrò lára èyí tó ti bàjẹ́ lójoojúmọ́, gbogbo ọjọ́ tó bá sì fi wà nílẹ̀ ló ń fẹ́ owó lébìrà. Kòkòrò kì í dúró de ìpàdé àwọn olórí. Ọjọ́ 24 oṣù Èrèlé, 2024, ni ECOWAS tó yọ ìfìyàjẹ náà kúrò, ó sì di ọjọ́ 13 oṣù Ẹrẹ́nà kí Nàìjíríà tó ní kí bodè ṣí. Oṣù méje ó lé ni. Àwọn obìnrin kan tí a jọ ń ta obì kò tíì padà sí ìdí ọjà wọn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ dúpẹ́ níbi tí ọpẹ́ bá yẹ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ogun wọ inú rẹ̀, tí Ààrẹ kọ̀wé sí Ilé Aṣòfin Àgbà, ilé náà jókòó ní ọjọ́ 5 oṣù Ògún 2023, wọ́n sì gbà á nímọ̀ràn pé kó fi ìjíròrò yanjú rẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ lè ṣe é. Ẹ jókòó, ẹ sọ̀rọ̀, orílẹ̀-èdè gbọ́. Ẹnikẹ́ni kò kàn bá wa béèrè ohun tí bodè títì náà yóò ṣe fún ẹni tó ń ta obì ní Ṣágámù, tàbí fún ẹni tó ń ta àlùbọ́sà ní Kebbi.

Láti ọjọ́ 29 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso ti kúrò nínú ECOWAS pátápátá. ECOWAS ní kí a ṣì máa ṣe sí àwọn èèyàn wọn bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ títí ìjíròrò yóò fi parí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ti ní ìwé ìrìnnà tiwọn, ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún náà sì ni wọ́n kéde owó orí 0.5% lórí ọjà tó bá ń ti ìta wọ ọ̀dọ̀ wọn. Ìjíròrò tí wọ́n ń sọ yẹn, owó oúnjẹ ọmọ wa wà nínú rẹ̀. Ta ló ń bá wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀?

Mo ti dàgbà tó láti mọ bí ó ṣe ń rí nígbà tí ìjọba bá fi ìbínú ará ìlú ṣe òfin. Ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú, 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn Yorùbá tó ti bímọ síbẹ̀, tí wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, padà wá sílé pẹ̀lú ẹrù orí. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1983, ìjọba Shagari ṣe tirẹ̀ padà, a sì tún ṣe é ní 1985. Àpò tí wọ́n fi kẹ́rù nígbà náà ṣì ń jẹ́ Ghana-Must-Go títí di òní. Ní 2025, ní oṣù Agẹmọ, àwọn kan tún jáde ní Accra, wọ́n ní kí ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Nínú gbogbo rẹ̀, n kò rí ìlú tí iṣẹ́ pọ̀ sí fún ọ̀dọ́ rẹ̀ nítorí pé wọ́n lé àlejò.

Àmọ́ Ṣágámù ló ń ká mi lára jù. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1999, ní àsìkò Orò, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa níbí. Ẹ̀mí púpọ̀ ṣòfò, ilé jóná, obì jẹrà nínú apẹ̀rẹ̀ nítorí ẹni tí yóò rà á ti sá lọ. Kò pẹ́ tí ìgbẹ̀san fi dé Kano, tí àwọn Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀ sì forí fá a. Ọmọ Nàìjíríà ni gbogbo wọn, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi kì í fi í balẹ̀ bí mo bá gbọ́ "kí àjèjì máa lọ" lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí ará Tógò, ará Sàbó ni yóò sì kàn lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti àṣẹ yín, ẹ ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ẹ wo abala 12. Ó ní àdéhùn kankan láàárín Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè mìíràn kò ní ní agbára òfin, àyàfi bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá ti sọ ọ́ di òfin. Ìwé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Áfíríkà tí Gani Fawehinmi dì mú nígbà tí ìjọba Abacha tì í mọ́lé, àwọn aṣòfin ló sọ ọ́ di òfin wa ní 1983, òun ló fi ṣeé ṣe fún Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ láti sọ ní 2000 pé ó lágbára nílẹ̀ wa. Òfin kan tún wà láti ayé ológun tó pín àdéhùn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó gbọ́dọ̀ di òfin, èyí tó ń fa owó tàbí ẹrù ìṣèlú lé orílẹ̀-èdè lórí, àti ti ọ̀rọ̀ àṣà àti ẹ̀kọ́. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá lásán.

Síbẹ̀, ẹ wo Bakassi, ilẹ̀ tí àwa àti Cameroon ń jà lé lórí. Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé dá ẹjọ́ ní 2002 pé Cameroon ló ni ín, Ààrẹ Obasanjo buwọ́ lu àdéhùn Greentree láti fi í lé wọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ 12 oṣù Òkúdù, 2006. Ó di Bélú 2007 kí Ilé Aṣòfin Àgbà tó pariwo pé wọn kò mú un wá síwájú àwọn. Ní oṣù Ògún 2008, ilẹ̀ náà lọ, tòun ti àwọn èèyàn tó ń gbé orí rẹ̀.

Ẹ tún wo àdéhùn Samoa, tí Yúróòpù bá àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Caribbean àti Pacific ṣe. Nàìjíríà buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 28 oṣù Òkúdù, 2024. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí gbogbo ilẹ̀ fi gbóná. Ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ìjọba ti gba owó láti sọ ìbálòpọ̀ akọ sí akọ di òfin. Ìjọba ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé Aṣojú-ṣòfin wá ní kí wọ́n wádìí rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti buwọ́ lù ú tán. Nínú ariwo yẹn, n kò gbọ́ kí ẹnì kan ka ibi tí àdéhùn náà ti sọ̀rọ̀ nípa gbígba ọmọ ẹni padà bí Yúróòpù bá ní kò níwèé. Ọ̀rọ̀ yẹn kan Ìjẹ̀bú ju èyí tí wọ́n ń pariwo lọ. Ilé wo ní Ìjẹ̀bú-Òde, ilé wo ní Ìkẹ́nnẹ́, ni kò ní ọmọ tó wà lókè òkun, yálà ó níwèé tàbí kò ní? Ó yẹ kí ìyá tó ń dúró de owó oṣù ọmọ rẹ̀ láti Ítálì mọ ohun tí wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ gbà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tó ń tọ́jú arúgbó ní ìlú Òyìnbó, ní Britain. Láti oṣù Ẹrẹ́nà 2024, ẹni tó bá gba iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè mú ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́, ní oṣù Agẹmọ 2025 wọ́n tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ náà mọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti ìta. Ó dùn wá. Ṣùgbọ́n ní 2016, àwọn èèyàn wọn dìbò lórí ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n wà, wọ́n sì kúrò nínú rẹ̀ ní 2020. Bóyá wọ́n ṣe é ire, bóyá wọ́n ṣe é ibi, wọ́n bi wọ́n. Àwa kò tíì rí ẹni tó bi wá lórí ECOWAS láti 1975.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè nìyí. Kí ẹ tó gbé ọwọ́ yín sókè lórí àdéhùn èyíkéyìí tó kan bodè, ìwọ̀lú, òwò tàbí gbígba èèyàn padà, ẹ pe ìpàdé nílé. Ẹ pè é ní Ṣágámù, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Ìṣarà, ẹ má sì gbàgbé àwọn tó wà ní Abigi létí omi, nítorí àwọn ló ń rí apẹja ilẹ̀ òkèèrè ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ kókó àdéhùn náà ní Yorùbá tó ṣe é kà, kí wọ́n kà á lórí rédíò, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn lébìrà, àwọn àgbẹ̀, àwọn oníṣòwò, àti àwọn àlejò tó ń gbé láàárín wa sọ tẹnu wọn. Àwọn àlejò náà ń san owó ilé, wọ́n ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ wa, ọmọ wọn wà ní ilé ìwé pẹ̀lú tiwa.

Ní ti àdéhùn ti 1979, ẹ gbé e wá sílé ìgbìmọ̀, kí ẹ kọ ọ́ di òfin tó ní ojú tiwa nínú. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ níbí ju 90 ọjọ́ lọ lè forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tó súnmọ́ ọn, ní owó tí lébìrà lè san, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń gba rìbá lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Kí agbaṣẹ́ṣe tó bá gba àlejò síṣẹ́ má ṣe san owó tó kéré sí ohun tó ń san fún ọmọ ìlú, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti ń wá. Owó iṣẹ́ àgbègbè tí ẹ ń gbà, ẹ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ táìsì àti píọ́pì títí ọwọ́ wọn yóò fi mọ́ bíi ti àwọn tí wọ́n ń bínú sí. Mo ti bá àwọn ọ̀gá táìsì méjì tó jẹ́ ọmọ Benin sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn ṣe tán láti kọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ tí kò lè dúró ni ti ECOWAS àti àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta tó jáde. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ibi tí ìjíròrò dé, ẹ sọ fún wọn pé obì Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú wà lára ohun tí wọ́n ń bá wọn dúnàádúrà lé lórí, kí owó orí yẹn má ṣe di ohun tí yóò lé oníbàárà wa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta obì ní Ivory Coast. Bí ẹ bá ti gbọ́ èsì, ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ sí wa lórí ìwé ìròyìn nìkan. Ẹ wá sí Ṣágámù kí àkókò tí gbànja ń jáde lóko tó dé, torí nígbà náà ni gbogbo wa, àwọn tó ń kó o, àwọn tó ń bó o, àwọn tó ń rà á lọ sókè, máa ń wà pọ̀ sójú kan. Ẹ dá ọjọ́ fún wa. Ẹgbẹ́ olóbì yóò wá gbọ̀ngàn.

Èmi ni tiyín,
Oníṣòwò gbànja kan,
Ṣágámù, Rẹ́mọ